Ibi Tí Wọ́n Ti Yọ Orúkọ Ìyá Mi

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Santo Tomás,
Villanueva,
La Guajira.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 1997.

Damaris, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Hernando ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àbí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Caracas? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìyá mi, ẹ̀gbọ́n ìyá tìrẹ, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ti pa Eudes àbúrò mi, ohùn rẹ̀ nínú àwọn orin tó kọ nìkan ló kù fún Màmá. Kì í sì í ṣe orin gan-an ni wọ́n ń gbọ́. O mọ ìṣe àwọn olórin wa: bí akọ́díọ́nù bá ti ń dún, wọ́n á máa ké pe ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Eudes pe Abimael mẹkáníìkì nínú orin kan, ọkùnrin náà ò sì jẹ́ ká sinmi mọ́ pẹ̀lú ìyangàn. Ṣùgbọ́n kò sí orin tí kì í ti í sọ pé, "Fidelina, ìyá mi, mo ń bọ̀ nílé!" Ibẹ̀ ni Màmá máa ń dúró dè. Wọ́n á ní, "Máa bọ̀, ọmọ mi," wọ́n á wá padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde ní Bogotá ní àwọn fẹ́ kó èyí tó dùn jù nínú orin rẹ̀ sínú àwo kan ṣoṣo, Màmá ní Eudes fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé wọn ò ṣeré. Ọjọ́ tí àwo dé, wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n pe àdúgbò jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Abimael ló jókòó síwájú jù.

Orin bẹ̀rẹ̀, ohùn ọmọ náà mọ́ gaara. A dé ibi ìpè, akọ́díọ́nù nìkan la gbọ́. Màmá ní ká dákẹ́ ariwo, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Orin kejì, bákan náà. Àwo náà parí, kò pe ẹnì kankan. Abimael ní òun ń lọ wo ọkọ̀ oníbàárà, kò sì fẹnu kan oúnjẹ. Màmá wá yíjú sí mi.

"Nohemí, kí ni mo ṣe fọ́mọ yìí?"

Mo tẹ Bogotá láago. Ọ̀gbẹ́ni kan fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé ilẹ̀ òkèèrè làwọn fẹ́ tà á sí, pé wọn ò mọ Fidelina níbẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn fi yọ gbogbo ìpè kúrò. Mo ní ìyá olórin ni Fidelina. Ó ní àwọn bá wa kẹ́dùn, ṣùgbọ́n Eudes fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé orin di ti iléeṣẹ́. Mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́, kò yí padà.

Mo rò ó fún Màmá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní:

"Ta ló lè yọ orúkọ ìyá kúrò lẹ́nu ọmọ, bí ọmọ ò bá fẹ́?"

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú rédíò, ìpè wà níbẹ̀ ketekete. Wọ́n ní ìgbà tó ṣì fẹ́ràn àwọn nìyẹn, pé àwo tuntun ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ báyìí. Fáda bá wọn sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ń mi orí, wọn ò gbà. Damaris, ó sú mi. Ẹkún ló kù tí mo lè sun.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé tí à ń gbàdúrà fún òkú, Màmá ń lọ kúnlẹ̀ ní ibojì rẹ̀. Ìyá ń kúnlẹ̀ bẹ ọmọ! Ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ni wọ́n ń jẹ́wọ́ nígbàkígbà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní torí àwọn nà án lórí adìyẹ aládùúgbò ni. Ní àná, wọ́n ní torí àwọn tètè já a lẹ́nu ọmú ni. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà rèé, agboòrùn ni mo ṣí lé wọn lórí, n ò rí nǹkan míì ṣe.

Bá mi kí Hernando, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Abimael ní kí n kí ọ, òun náà ò gbọ́ rédíò mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá kí ọ gan-an. Wọ́n gbọ́ pé àwo náà ti wà lórí àtẹ ní Caracas. Wọ́n ní kí o jọ̀ọ́ bá àwọn gbọ́ ọ dópin, bóyá inú èyí tó wà lọ́dọ̀ yín ló ti pe àwọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
Nohemí