Ewú Orí Onídán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Iná yí dígí mi ká, búrọ́ọ̀ṣì mi mọ́ tónítóní. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ìkunjú òṣèré yìí, ẹ̀rín ni mo fi ń ṣe é. Ayaba jókòó sórí àga mi — orúkọ tí mo sọ òṣèré tó ń ṣe Onídán nínú eré tẹlifíṣọ̀n wa nìyẹn, torí ìrìn ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Onídán bá pidán, ọdún kan a lọ nínú ayé ẹ̀, èmi a sì fi ewú kún irun ẹ̀. Lónìí ó dá òjò dúró. Mo fi ewú kan síwájú orí. Ó rẹwà, kí n má parọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àtíkè tán. Kò sí nǹkan míì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wàhálà dé. Aláriwo, olùdarí wa, ní àwọn tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ò fẹ́ ewú mọ́. Ó ní ta ló fẹ́ máa wo arúgbó? Ọkùnrin tí orí ẹ̀ pá bí àwo ló ń sọ̀rọ̀ o! Láti ìsinsìnyí lọ, Onídán á máa pidán, àbúrò ẹ̀ á máa darúgbó. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Onídán á jí ọkọ ẹ̀ tó ti kú dìde, àbúrò á sì kú.

Mo ní kí ni àbúrò ṣe? Ó ní eré ni. Eré kẹ̀! Kékeré tó ń ṣe àbúrò, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní rèé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi tìróò kun ètè ẹni tó jókòó síwájú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo fi ewú sórí Kékeré. Ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó pọ̀, kí màmá mi má dá mi mọ̀!" Aláriwo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé àbúrò máa kú, kí ẹ̀rù lè hàn lójú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò sọ. Ó dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ròyìn fún Màmá nílé. Ó ní ẹni tó ń fi ọjọ́ ayé ẹlòmíì ṣe fújà, olè ni, òun ò wò ó mọ́. Ó wá ní kí n bá òun gé èékánná ẹsẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo sọ fún Ayaba. Ó ní, "Ṣé ọmọ yẹn mọ̀?" Mo ní rárá. Ó dìde, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo bú u nínú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Yéè! Ayaba ní kí n fọ irun òun. Bí omi ṣe kàn án, aró dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn — ewú tirẹ̀ gan-an ló kún orí obìnrin yìí! Ó ti ń pa á láró nílé tipẹ́, èmi sì ń fi ewú lé ewú. Ó daṣọ borí, ó jáde.

Níwájú kámẹ́rà, ó jí ọkọ dìde. Ó kù kí wọ́n ní kí Kékeré ṣubú, kó kú. Ayaba dì í mú, ó ṣí orí sílẹ̀: "Èmi ni mo pidán yìí. Orí mi ni kó já lé." Kò sí nínú ìwé eré rárá! Akámẹ́rà ń sunkún, kò dáwọ́ dúró. Aláriwo fọwọ́ pa orí pípá ẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn la máa lò."

Mo bá Kékeré fọ ewú kúrò lórí. Ó bi mí pé aago mélòó ni kí òun dé lọ́jọ́ Ajé.

"Aago méje," mo ní. "Má pẹ́ o."