Ámúpù Mi Ò Kùn Mọ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Àgbádárìgì.

Ẹnìkan ti tú ámúpù mi, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá mi sókè. Bí mo ṣe gbé e dé láti sítúdíò Sẹ́tọ́njí ní Mowo, tí mo tàn án, ni mo ti mọ̀. Láti ọdún tí mo ti ń fi ta gìtá rọ́ọ̀kì, ó máa ń kùn tíín bí ẹ̀fọn kí n tó fọwọ́ kan okùn. Lónìí, kẹ́kẹ́ pa.

Mo pe Sẹ́tọ́njí, mo ní ta ló wá sí sítúdíò.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kàn án o!"

Ta ló bi í ní ìyẹn?

Mo tú ẹ̀yìn ámúpù náà. Àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ pé, àmì pupa tí mo kùn sí wọn lára ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ò tù mí nínú. Olè tó bá gbọ́n á kun tiẹ̀ náà ní pupa.

Ìyàwó mi ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, ló bá pariwo: "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yẹn! Àtìgbà tẹ́ ẹ ti tàn án ló ti ń kùn sí mi létí."

Irọ́ ni. Mo ní kó wọlé wá, kó kọjú sógiri, kó máa nawọ́ sókè nígbàkígbà tó bá ń kùn. Mò ń tàn án, mò ń pa á. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ó ṣì kọjú sógiri nígbà tí mo bi í bóyá Sẹ́tọ́njí ti bá a sọ nǹkan. Kò dáhùn.

Àbí ó dáhùn?