Òkùnkùn Yàrá Dókítà Zwettler

Walpurga mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé màlúù wa ti bí? Ara mi le ní Vienna níbí. Dókítà Zwettler ti yọ nǹkan funfun tó bo ojú mi, wọ́n sì tú báńdéèjì lánàá. Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ó ní, "Bàbá, yàrá ló ṣókùnkùn. Bá a ṣe ń ṣe fún gbogbo aláìsàn ojú nìyẹn." Ó yá a lẹ́nu jù.

Sísítà, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi, ló jókòó tì mí, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Gègé rẹ̀ ń sáré lórí bébà. Mo bi í pé, "Sísítà, báwo lẹ ṣe ń ríran kọ̀wé?" Gègé dúró. Mo ní kó kọ ìyẹn náà.

Bá mi kí Ìyá àti àwọn ọmọ. Sọ fún wọn pé yàrá ló ṣókùnkùn.

Ọkọ rẹ,
Korbinian