Gíà Inú Fọ́tò

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnira abẹ́ ọkọ̀. Ara mi le koko. Ẹ bèèrè irú ọkọ̀ tí mò ń pààrọ̀ gíà rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gun àpáta ni! Orí tábìlì la ti ń tún un ṣe, epo kì í ta sí mi láṣọ. Abíyá làwọn àgbàlagbà tó ni ín fi ń gbé e wá, rìmóòtù ni wọ́n sì fi ń wà á.

Lánàá, mo fi gíà tuntun sí ọ̀kan. Oníbàárà ní kó lọ síwájú, ó ń fẹ̀yìn rìn. Irú gíà yẹn máa ń yí ìrìn ọkọ̀ padà. Mo gbàgbé láti pààrọ̀ ojú wáyà mọ́tò méjèèjì, kó lè máa lọ síwájú. Ọ̀gá mi, ọmọ tí mo lè bí, bi mí lójú àwọn oníbàárà pé ṣé mo fọwọ́ kan ọkọ̀ rí. Èmi tí mo fi àyà gbé gíà tírélà ní ṣọ́ọ̀bù yín! Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ kúkú sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ẹ bá mi kí Màámi àti gbogbo ọmọ iṣẹ́. Fọ́tò gíà tí mo fi ránṣẹ́, tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹnìkan tó ṣàkíyèsí pé àtàǹpàkò mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó o.

Ọmọ yín ni.