Ẹranko Oníná Inú Ìwé Àyìnkẹ́

Ajáàwà,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, 1991.

Adébùnmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ẹ́gbẹ́dá? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí etí ò fẹ́ gbọ́.

Ìwé aláwòrán tí o fi rán Gbóyèga awakọ̀ sí Àyìnkẹ́ ọmọ rẹ ti dé. Bùnmí, ẹ̀rù bà mí o. Mo ṣí i, mo rí ẹranko kan tó dà bí ọ̀nì, ó ní apá bí àdán, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ọmọdébìnrin kan sì jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, háà, dírágónì inú Ìwé Ìfihàn rèé! Mo gbé ìwé náà sókè àjà, mo sì bi Gbóyèga bóyá irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ń kọjá ní Ìyànà Ìpájà. Ó ní òun ò tíì bá a pàdé, ṣùgbọ́n Èkó ni, ta ló mọ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí sítóòfù ti bú mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́, tí o fi gbé e wá sọ́dọ̀ wa, kì í sún mọ́ iná. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sá fún àpá ọwọ́ rẹ̀, òun náà kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àfi bó ṣe wá bá mi lọ́jọ́ yẹn tó ní, Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sọ̀, ẹranko yẹn kì í ṣe ìkà, iná ló kàn wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo èèyàn ń sá fún un, kò sì lọ́rẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbé e sọ̀, ó sì kà á fún mi délẹ̀. Wàsílátù, ọmọ ilé kejì, gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yọjú, ó jókòó, ó ń wo àwòrán. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan àpá náà, ó bi í bóyá ó ṣì ń dùn ún. Àyìnkẹ́ ní rárá. Láti ọjọ́ náà wọn ò fira wọn sílẹ̀. Lánàá, ìyá rẹ ń sun àgbàdo, àwọn méjèèjì wá jókòó sẹ́bàá ààrò. Ìyá rẹ ń fẹ́ná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra jígí ojú, torí ó ń ṣe mí bíi pé Àyìnkẹ́ ń fo ojú ewé bó bá ń kàwé fún mi. Bí ẹranko náà bá sì wà ládùúgbò yín lóòótọ́, máa kí i dáadáa, ṣùgbọ́n má bá a gbé inú ilé kan náà, onílé yín ò ní gbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí o ti wá gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ò ń dá ara rẹ lẹ́bi. Àyìnkẹ́ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ò bínú sí ọ, kí o máa bọ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ títí dé ẹnu ọ̀nà wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zacchaeus Ọláníyan