Òkúta Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Àkọ́bí mi, adúmáadán,

O kú iṣẹ́ o, o kú ojú lílò. Ṣé ara le? Ṣé ojú ń ríran? Láti ìgbà tí o ti sọ pé òkúta lo ń fi ẹ̀rọ wò látàárọ̀ dalẹ́ ni mo ti ń gbàdúrà fún ojú rẹ. Mi ò mọ̀ pé torí òkúta tó kún ẹ̀yìnkùlé wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ṣe ń rán ọ nílé-ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti ń bọ́ni, iṣẹ́ ni. Ojú rẹ kò ní fọ́, àmín.

Ara mi le. Adìyẹ funfun yẹn pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá ti gbé méjì.

Ọkùnrin kan tó dé akoto wá láti iléeṣẹ́ yín, ó gbẹ́ ilẹ̀ oko wa, ó ní bí epo bá wà níbẹ̀, ìjọba á gba ilẹ̀ náà, a ó sì kó kúrò, títí kan ìyá rẹ tó sùn sábẹ́ igi ọsàn. Ó to òkúta tó gbẹ́ jáde sórí bẹ́ńṣì mi, ó ní ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń lọ. Nígbà tó lọ jẹun, mo wò wọ́n, wọ́n dọ̀tí, wọ́n ń rùn bíi kẹrosíìnì. Mo ní ọmọ tèmi kọ́ ni wọ́n máa gbé irú ìdọ̀tí yìí síwájú rẹ̀. Mo fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn, wọ́n ń dán. Ìkánjú ọkọ̀ ni ọkùnrin náà fi kó wọn sínú àpótí, kò tiẹ̀ wò wọ́n.

Ìgbà tó lọ tán ni àbúrò mi agbẹ́kànga rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí yẹn gan-an lepo. Èmi ti rò pé inú òkúta ni epo máa wà bí omi inú àgbọn, pé ìwọ lo máa fọ́ ọ. Ó ní kí n panu mọ́, pé wọn ò ní rí nǹkan kan, ilẹ̀ wa á bọ́. Inú mi dùn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta mo rántí pé orúkọ rẹ ló máa wà nísàlẹ̀ ìwé àyẹ̀wò òkúta náà, mo bá padà lọ sídìí bẹ́ńṣì.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí n kò fọ̀, èyí tó yí bọ́ sábẹ́ bẹ́ńṣì. Òun ni mo dì mọ́ lẹ́tà yìí. Gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, nítorí ìwọ lo sọ pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po irinwó, ká má lọ sọ epo ṣíbí kan di àgbá. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ.

Owó díẹ̀ tí o bá máa fi ránṣẹ́ fún bàtà òjò mi, bí ọ̀gá rẹ kò bá sí nítòsí, kọ́kọ́ gbé òun náà sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn, kí ìyẹn pẹ́ dáadáa.

Mo ti lọ sọ fún ìyá rẹ lábẹ́ igi ọsàn. Mo ní ó ṣeé ṣe ká kó kúrò níbí, kó má bínú, ọmọ wa ò lè purọ́ nítorí wa. Bó bá jẹ́ pé epo ni, tètè jẹ́ kí n gbọ́ kí ìwé ìjọba tó dé, kí n lè wá ibi tó nílẹ̀ tútù fún un.

Orúkọ rẹ kò ní bàjẹ́ lórí ìwé, kò ní bàjẹ́ lẹ́nu èèyàn.

Èmi ni, bàbá rẹ.