Ọfà Tó Wà Nínú Pùláànù Ilé-Ìwé Àwọn Afínra

Ọjà Tuntun,
Ìlọrin.
1974

Ràúdátù Àlàkẹ́ ọmọ mi,

Sàlámọ̀ ni mo fi ń kí ọ o. Ṣé ara rẹ le, ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé omi ẹ̀rọ ń yọ níbi tí o wà l'Ékòó? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ ilé yíyà tí ò ń kọ́ di ẹrù lórí rẹ. Àwa náà ń ṣe dáadáa, èlùbọ́ ń tà díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ funfun yẹn ti bí méjì, Jummai ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ní kí n kí ọ, ó ní kí o má tíì fẹ́ ará Èkó.

Mo rí pùláànù ilé tí o fi ránṣẹ́ gbà, ìwé gbàràgàdà tó búlúù bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ilé-ìwé àwọn tó ń fín ara ni o yà fún ìdánwò rẹ, pé kí n fi han Ìyá Lami tó fín apá mi nígbà omidan, àti pé orí ilẹ̀ bàbá rẹ ní àdúgbò Ṣàngó níbí ni o gbé e kà. Nígbà tí mo ka ibi ilẹ̀ bàbá rẹ yẹn, ńṣe ni mo jókòó. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni àbúrò rẹ̀, Bàbá Kékeré Bẹ̀llò, ti ń fi ẹ̀gẹ́ gbígbìn wọ inú ilẹ̀ náà, ebè kan lónìí, ebè mẹ́ta lọ́la, wọ́n ní obìnrin kì í kọ́lé, ilẹ̀ tí kò bá ti ní ọmọkùnrin, ti àbúrò ni. Mo ní Alihamudulilahi, ọmọ mi ti fẹ́ kọ́lé.

Èmi àti Jummai gbé ìwé náà lọ bá Ìyá Lami, a tẹ́ ẹ sórí ẹní. Àwọn èèyàn tí o yà sínú rẹ̀ kò ní ojú, wọn kò ní imú, apá wọn sì mọ́ roro. Ìyá Lami ní bóyá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, a kò tíì fín wọn. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni o ya abẹ̀bẹ̀ sí. Ìyẹn dára, ẹni tí abẹ́rẹ́ ń gún ń fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n kí ni ilé-ìyàgbẹ́ fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ ṣe? Yọ ọ́ kúrò, owó wa ni. Àwọn nǹkan róbótó tí o tò sí àgbàlá, Ìyá Lami ní igbá ni, inú wọn dùn gan-an, wọ́n ní ọmọ yìí mọ iṣẹ́, nítorí ara igbá ni àwọn ti kọ́ fínfín kí ìyá wọn tó gbé apá èèyàn lé wọn lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọfà tó wà ní igun ìwé. Mo ní ẹ ò rí i, ọmọ mi kò gbàgbé ẹ̀sìn, gábàsì ló ń fi hàn wá, ibi tí a ń kọjú sí kírun. Lẹ́tà N tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni kò yé mi. Jummai ní owó náírà ni, ó ní o gbàgbé láti kọ iye tí ilé náà máa jẹ sí i.

Mo bá pe Garba bíríkìlà, èmi, òun àti Ìyá Lami lọ sí Ṣàngó. A yí ìwé náà títí ọfà fi kọjú sí gábàsì, Garba ń kan èèkàn, mo ń fi eérú tẹ̀lé e, títí gbogbo yàrá fi hàn nílẹ̀. Bí ilé náà ṣe wá na ẹsẹ̀, kíláàsì tó gùn jù bọ́ sáàárín ẹ̀gẹ́ Bàbá Kékeré gan-an. Ìyá Lami gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọn kò fo eérú, wọ́n jókòó sínú kíláàsì. Wọ́n ní ibi tí àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n máa jókòó ti sún mọ́ ibi fínfín jù, ẹni tó bá gbọ́ igbe ẹni àkọ́kọ́, ilé ló máa sá lọ. Kí o gbé e lọ sẹ́yìn àwọn igbá.

Ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré ti bá wa. Wọ́n ní ta ló da eérú sí oko àwọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ilé-ìwé Ràúdátù ni, níbi tí wọ́n á ti máa kọ́ ara fínfín. Wọ́n ní iṣẹ́ kèfèrí! Ìyá Lami dáhùn láti inú kíláàsì, wọ́n ní Bẹ̀llò, alángbá tó wà lápá ìyàwó rẹ, ṣé fúnra rẹ̀ ló gun ibẹ̀ ni? Àbí ìwọ kọ́ lo dúró tì mí, tí o ní kí n jẹ́ kí ìrù rẹ̀ gùn? Garba rẹ́rìn-ín títí èèkàn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Kékeré ní ó dáa, kí a yí ilé náà kúrò lára ẹ̀gẹ́ àwọn. Mo ní gábàsì ló kọjú sí, Bàbá Kékeré, ṣé kí n máa sọ fún aráyé pé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Àáfà lẹ ní kí a yí i? Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo oòrùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn á hú ẹ̀gẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá kọjá tí àwọn kò rí búlọ́ọ̀kù, àgbàdo ni àwọn máa gbìn sínú kíláàsì.

Wọ́n ti hú u. Àmọ́ òjò ti ń ṣú, eérú kò sì lè bá òjò jà. Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́, ọmọ mi. Garba ní ìpìlẹ̀ kíláàsì yẹn nìkan ti tó, kí abẹ̀bẹ̀ ṣì dúró ná. Bí àwọn báǹkì bá ní o kò ní owó lọ́dọ̀ àwọn, má bínú, sọ fún wọn pé ilé ni o fẹ́ kọ́, kí wọ́n tún ìsàlẹ̀ àpótí wò dáadáa. Kí ìwọ náà sì wá, kí wọ́n rí obìnrin tó ń kọ́lé.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán, ilẹ̀ bàbá rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àṣẹ.

Ohun kan ló kù. Garba fà mí sẹ́yìn, ó ní níbi iṣẹ́ ìjọba tí òun ti ṣe rí, irú ọfà yẹn wà lára pùláànù ilé ọtí àwọn òyìnbó, òun kò sì rò pé ilé ọtí ń wá gábàsì. Mo ní kó panu mọ́. Ràúdátù, bí ọfà yẹn bá ń fi nǹkan mìíràn hàn, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Tí a bá ti jọ dúró lórí ìpìlẹ̀, kí o sọ ọ́ sí mi létí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hùmúàní